Àtẹ́wọ́ Kì í Tún Ewì Ṣe

Ẹjọ́ kan ni mo gbé wá sí iwájú yín, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ wa bá péjọ ní Ẹdẹ yìí, tí ẹnì kan bá dìde láti ka ewì tàbí ìtàn tí ó kọ, ohun kan náà ni ó máa ń ṣẹlẹ̀. A ó dákẹ́ títí yóò fi kà á tán, a ó pàtẹ́wọ́, alága yóò sọ pé ó káre, a ó sì pe ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ó dé tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án inú ìtàn rẹ̀ fi ń pa òwe bí olóyè. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ohun tí ó sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ewì náà ni ó tún ń sọ ní ìparí. Nígbà tí a bá tún péjọ, òǹkọ̀wé yìí kan náà yóò mú òmíràn wá, àbùkù àkọ́kọ́ yóò sì tún wà nínú rẹ̀, nítorí pé àtẹ́wọ́ ni a fi rán an lọ sílé.

Bí a bá bi àwọn òǹkọ̀wé wa léèrè ohun tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ wọn tẹ̀ síwájú, wọn yóò ní kò sí àyè, kò sí owó, àmì ohùn sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. N kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ àyè wò ná. Iṣẹ́ olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà ń ṣe nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Olùkọ́ ni J. F. Ọdúnjọ. Olùkọ́ ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ẹni tí ó fún wa ní Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Adébáyọ̀ Fálétí ń bá iṣẹ́ lọ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ ọdún kan fún pé kí ó jókòó kí ó máa kọ̀wé.

Bí a bá sì fẹ́ mọ bí àyè ti lè há tó, kí a rántí I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó. Láti 1929 dé 1930 ni ó ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú. Ìròyìn ìlú ń dúró dè é, àwọn atẹ̀wé ń dúró dè é, ìtàn náà sì gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà wá nípa Ṣẹ̀gilọlá bí ẹni pé ará àdúgbò wọn ni. N kò mọ òǹkọ̀wé kan nínú ẹgbẹ́ wa tí àyè tirẹ̀ há ju ti Thomas lọ. Ohun tí Thomas ní tí àwa kò ní ni ọjọ́ tí a dá fún un, àti àwọn ènìyàn tí ń retí ọjọ́ náà. Ẹni tí a kò retí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí a fún un ní oṣù mẹ́fà, oorun ni yóò fi sùn.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 1966 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò. Ó di 1974 kí a tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé tí ó jáde ṣáájú ìgbà náà yóò rí “aiye” àti “enia” àti “nwọn”. Nítorí náà ọmọ tí ó kọ́ ìwé kíkà nínú Bíbélì bàbá rẹ̀ àgbà, tí ó tún wá kọ́ àkọtọ́ tuntun ní ilé ẹ̀kọ́, a máa da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni fóònù dé. Láti kọ “ọ̀rọ̀” péré, ìka gbọ́dọ̀ wá lẹ́tà, kí ó wá àmì abẹ́ rẹ̀, kí ó tún wá ti orí rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó sú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n sì jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní òǹkàwé yóò mọ ohun tí àwọn ń wí.

Òǹkàwé lè mọ̀ ọ́n nínú ìròyìn. Bí a bá kọ “igba” lásán, ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò fi hàn bóyá igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí ìgbà tí ó ti kọjá, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí ìgbá inú oko, tàbí igba ènìyàn tí ó wá sí òde. Ṣùgbọ́n orí ohùn ni a kọ́ ewì Yorùbá lé, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ilé lé ìpìlẹ̀. Ohùn òkè tí ó parí gbólóhùn kan ni ohùn ìsàlẹ̀ gbólóhùn kejì ń dáhùn. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí kì í fi àmì sí ewì rẹ̀ kì í sábà gbọ́ ewì náà fúnra rẹ̀. Ojú ni ó fi kọ ọ́. Àìsàn yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìka àti fóònù. Etí ni ó wà.

Ti owó, n kò ní sọ púpọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni ọjà tí ó tóbi jù fún ìwé Yorùbá, ìwé tí a kò bá sì yàn fún ìdánwò a máa jókòó pẹ́ lórí àtẹ. Gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀, àròyé kò sì tíì bá wa ta ẹ̀dà kan rí.

Ní tèmi, ohun tí ó ń pa wá lára ju gbogbo èyí lọ ni pé a kò ní ẹni tí yóò takò wá kí iṣẹ́ wa tó jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni kí a máa wá àbùkù iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéboyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, kọ ìwé ńlá kan lórí ìjálá tí a tẹ̀ jáde ní 1966. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń tẹ̀ lé ọ̀gá lọ sí òde, tí ó ń gbọ́, tí ó sì ń gbè é, fún ọdún púpọ̀ kí ó tó lè dá dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni bí àwọn ọ̀gá fúnra wọn ti ń bá ara wọn fà á. Bí oníjàálá kan bá ń sun ìjálá lójú agbo, tí òmíràn tí ó wà níbẹ̀ sì rí i pé ó ṣì í, kì í dúró di ọ̀la. Lójú gbogbo ènìyàn ni yóò fi ìjálá dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀, tí yóò sì sọ bí òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a takò náà kì í sì í ká ọwọ́ lérí. Òun náà yóò fi ìjálá gbèjà ara rẹ̀ pé bí a ti kọ́ òun nìyí, pé ọ̀nà oníkálukú yàtọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú èyí. Àtúnṣe náà tètè dé, ẹnu ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó sì ti wá; ẹni tí a bá wí sì ní àyè láti fèsì. Òǹkọ̀wé tí ó jókòó nídìí tábìlì kò ní ọ̀kan nínú wọn. Ó kọ ọ́ ní òru, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀dà tí ó tẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri ìlú.

Ní ìlú tí a wà yìí, kò yẹ kí a máa wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, kì í ṣe ọba tí àwọn àyàn ń lùlù fún nìkan. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lù. Ní 1959 ó kọ àkọsílẹ̀ lórí àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé Odù. Ọba tí ó mọ ìlù lù, tí ó tún mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣọ̀wọ́n. Ìlù dùndún, ẹ sì ti mọ̀, kò ní lẹ́tà kankan. Ohùn nìkan ni ó ní. Àwa tí a ń kọ̀wé lè fi “b” àti “k” bo ohùn tí kò dára mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àyàn kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí ó bá ṣi ohùn kan lójú ọba, oríkì lè di èébú, kí olúwarẹ̀ sì mọ̀ kí ìlù tó dákẹ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi ìyáàlù lé ọmọdé lọ́wọ́ kí ó tó ti ìdí àwọn ìlù kéékèèké bọ̀.

Àwọn tí ó kọ̀wé nídìí tábìlì tí iṣẹ́ wọn sì dúró, àwọn náà rí ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1936 ni ó gbé Fágúnwà jáde. Ìwé rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ òǹkàwé títí di 1938. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó ka èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn (inú mi a máa dùn sí èyí, nítorí èdè ni èmi náà ń kọ́), fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà wọ ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, eré náà sì gba ẹ̀bùn. Ó di 1970 kí a tó tẹ̀ ẹ́. A ti wọn iṣẹ́ méjèèjì wò lórí òṣùwọ̀n kan kí ọjà tó rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú oníṣẹ́ kan ṣoṣo, kí a wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń dára sí i. Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo ni mo yàn, ẹni tí ó kú ní 1978. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé Ẹdẹ wà nínú eré rẹ̀ tí ó lókìkí jù, àti pé ọdún díẹ̀ péré ni ó fi rin ọ̀nà tí ẹlòmíràn kì í rìn já. Olùkọ́ ni òun náà, orin ìjọ ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde tí ó fi dùndún sí, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú pé irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé Ọlọ́run. Ó gbé orin rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní 1962 òun àti Ulli Beier, òyìnbó tí ó ti gbé Ẹdẹ wa yìí rí, dá ilé Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, eré Ọba Mọ́rò sì jáde ní ọdún náà. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963. Ní 1964 wọ́n ti gbé e dé Berlin, ní 1965 wọ́n gbé e dé Ìlú Ọba.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín 1961 sí 1963? Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn náà wà ní 1961, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn nìkan kò tó. Ohun tí mo rí ni pé Ládiípọ̀ kó ara rẹ̀ lọ sí àárín àwọn tí wọ́n lè sọ fún un pé “kò rí bẹ́ẹ̀”. Nígbà tí ó bá ń kọ orin ìjọ, òun ni ọ̀gá, kò sí ẹni tí ó lè tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí ó wọ inú oríkì Ṣàngó, tí ó pe onílù bàtá, tí ó fi ọfọ̀ sí ẹnu òṣèré, ó di ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Onílù bàtá kò nílò láti ka ìwé kan kí ó tó mọ̀ pé ìlù Ṣàngó ti yẹ̀. Ìyá kan láàárín òǹwòran tí ó ti ń kí Ṣàngó láti ìgbà ọmọge yóò mọ̀ bí oríkì bá já. Agbo ìjálá ni Ládiípọ̀ tún dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ìwé Ọba Kò So tí a ń kà ní kíláàsì tún jẹ́rìí sí èyí. Inú téèpù tí a fi gba ohùn eré náà ni R. G. Armstrong, Robert Awujọọla àti Val Ọláyẹmí ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu ni ó kọ́kọ́ wà, ó pẹ́ lójú agbo, bébà ni ó dé kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá rántí èyí yóò ka ibi tí Gbọ̀nkáà ti fi ọfọ̀ mú Tìmì sùn, yóò sì ní ọ̀rọ̀ ń tún ara rẹ̀ sọ jù. Mo ti gbọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi kan, n kò sì gbà fún un. Ọ̀rọ̀ tí ń padà wá, tí ń padà wá, ni oorun náà gan-an. Ẹ kà á sókè ní alẹ́ kí ẹ wò ó. Bí mo bá ní ẹ̀sùn kan sí ìwé náà, òun ni pé a kò lè gbọ́ bàtá nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú ọlá Ṣàngó wà. Àwa tí a kò rí Ládiípọ̀ lójú eré, ìdajì ni a ń kà.

Ṣùgbọ́n Ẹdẹ ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú eré yìí, ó sì kan ọ̀rọ̀ tí mo ń bá bọ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921, sọ pé ayé Ọba Kọ́rì, tí ó jẹ lẹ́yìn Ṣàngó, ni a tẹ Ẹdẹ dó. Ó ní àwọn Ìjẹ̀ṣà ń jí ènìyàn gbé ní ọjà Àpòmù, Aláàfin sì rán tafàtafà kan, Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, láti wá dáàbò bo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìjà Tìmì àti Gbọ̀nkáà, ayé Kọ́rì ni ó fi í sí. Ní ti Ṣàngó, Johnson ní oògùn àrá tí ó ń dán wò ni ó jó ààfin rẹ̀, tí ìbànújẹ́ fi bá a. Ládiípọ̀ mú ìtàn kan kúrò nídìí Kọ́rì, ó so ó mọ́ ikú Ṣàngó. Nínú eré rẹ̀, Ẹdẹ di ibi tí Ṣàngó rán Tìmì lọ láti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà àwọn balógun rẹ̀ méjèèjì.

Ká ní agbo ìjálá ni, ará Ẹdẹ kan ì bá ti dìde takò ó. Ó ní ẹ̀tọ́ láti takò ó. Kí ni Ládiípọ̀ ì bá fi gbèjà ara rẹ̀? Mo rò pé yóò ní ilé tí oògùn jó jẹ́ ìjàǹbá lásán, ṣùgbọ́n ọba tí ó ti balógun méjì sí ara wọn, tí ọ̀kan ṣẹ́gun tí ó sì yí padà kọjú sí i, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fa ìparun rẹ̀. Lójú mi, ó jàre gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ eré. Síbẹ̀ Ẹdẹ pàdánù ohun kan. Ìyà àwọn tí a ń jí gbé ní Àpòmù, tí ó jẹ́ ìdí tí ìlú yìí fi wà, kò ṣe pàtàkì mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ eré tuntun lórí Tìmì, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó tíì fi bẹ́ẹ̀ wá sí ẹgbẹ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé Ládiípọ̀ ní èsì. Àyípadà rẹ̀ ní ìdí. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kà ní ìpàdé wa, bí a bá bi ẹni tí ó kọ ọ́ pé kí ni ó dé tí ó fi ṣe é báyìí, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nínú irú ìtàn tí a ń kọ, obìnrin kan yóò lọ ra ata lọ́jà, yóò sì wí fún alátà pé, “Ǹjẹ́ o lè bá mi dín iye owó rẹ̀ kù díẹ̀?” Kò sí obìnrin kan ní gbogbo ọjà Ẹdẹ tí ń sọ bẹ́ẹ̀. “Èló ni jálẹ̀?” ni yóò bi í, alátà yóò sì ní kí ó ná an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ gbólóhùn yẹn ra ata láàárọ̀ ọjọ́ tí ó kọ ọ́; ẹnu rẹ̀ mọ Yorùbá, kálàmù rẹ̀ ni kò gbọ́. Bí ó bá kà á sókè fún alákàrà ẹnu ọ̀nà wa, ẹ̀rín tí ìyá náà yóò rín yóò ṣe é ní oore ju àtẹ́wọ́ wa lọ. Ẹlòmíràn yóò kó òwe mẹ́wàá sí ojú ìwé kan, yóò ní Fágúnwà ṣe bẹ́ẹ̀. Fágúnwà mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ọdẹ àgbà ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n ní bí a bá ń takò àwọn ọmọ titun, ẹ̀rù yóò bà wọ́n, wọn kò ní padà wá. Ọ̀rọ̀ náà lágbára. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí ó ká bébà rẹ̀ nítorí ẹ̀rín ẹnì kan, a kò sì rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ni ìyẹn, kò kan àtakò. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín kò tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan, a kò sì fún ọmọbìnrin náà láyè láti fèsì.

Nítorí náà ìmọ̀ràn mi sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ nìyí. Kí ẹni tí yóò bá kàwé ní ìpàdé fi iṣẹ́ rẹ̀ lé akọ̀wé lọ́wọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Kí a yan ẹnì kan tí yóò kà á nílé. Lọ́jọ́ ìpàdé, kí olùtakò yìí dìde ṣáájú àtẹ́wọ́, kí ó tọ́ka sí ibi mẹ́ta pàtó, kí ó sọ ohun tí ó rí níbẹ̀. Kí òǹkọ̀wé sì fèsì. Kí a máa pe àyàn kan láti ìlú wá nígbà tí ó bá jẹ́ ewì ni, kí ó sọ fún wa ibi tí ohùn ti yẹ̀. A ó sì fún un lówó ọkọ̀, nítorí iṣẹ́ ni a pè é sí.

Mo ti fi ewì tèmi, ogójì ìlà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò sí ẹni tí ó tíì wá mú un.